Àká Tí A Kò Fojú Rí: Ìkópamọ́ Àkọsílẹ̀ Òwò Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ààbò Rẹ̀ fún Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké ní Agbègbè Arimogija

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní ìlò kọ̀ǹpútà orí àwọsánmà, ó sì yẹ ààbò àkọsílẹ̀ òwò wò ní ti àwọn oníṣòwò kéékèèké tí ó wà ní Arimogija àti àyíká rẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Òǹdó. A fi hàn pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń lo àwọsánmà yìí láìmọ̀. A fi hàn pẹ̀lú pé orúkọ tí a fún un máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé inú ilé tí a fi bíríkì kọ́ ni àkọsílẹ̀ náà wà. A lo okùn abẹ́ òkun tí ó já ní 2024 àti iná tí ó jó ilé ìkópamọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ní 2021 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. A tún wo àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó àti òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023. Ní ìparí, a dá àbá lórí ohun tí olùkọ́ lè ṣe, nítorí pé lọ́wọ́ olùkọ́ ni ìmọ̀ yìí ti lè dé ọjà.

1.0 Ìfáàrà

Kò sí òwò tí kò ní ìṣirò. Kí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá wa ti ń fi ilà sára ògiri láti mọ iye tí oníbàárà jẹ, tí alájọ sì ń fi ilà ka ọjọ́ tí ènìyàn dá owó. Orí àwọn babaláwo àti àwọn arọ́kin náà jẹ́ àká tí a kó ọ̀rọ̀ sí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni pé ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ mọ ibi tí ó wà. Bí ògiri bá wó, ó rí i. Bí arọ́kin bá kú, ìlú mọ̀ pé nǹkan ti sọnù.

Ní agbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kòkó ni ó kọ́kọ́ sọ ìwé kíkọ di dandan fún àgbẹ̀. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ní 1947 ni wọ́n sì dá àjọ tí ó ń ra kòkó sílẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń mọ iye àpò tí olúkúlùkù gbé wá àti iye owó tí ó gbà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ra kòkó fún ara wọn ni ìwé náà lọ. Láti 2001 ni fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Lónìí, nínú fóònù yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kọ gbèsè, owó tí ó wọlé àti orúkọ oníbàárà sí.

Arimogija wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìfọ́n, ní ẹkùn àríwá Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó gbilẹ̀ jù níbẹ̀, òwò kéékèèké sì yí i ká: àwọn tí ó ń ra kòkó, àwọn tí ó ń ta oògùn àti irinṣẹ́ oko, àwọn alájọ, àwọn aránṣọ, àwọn tí ó ń ta oúnjẹ, àti àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ènìyàn. Irú òwò báyìí ni ó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wa. Nínú ìwádìí tí àjọ SMEDAN àti àjọ tí ó ń kó ìṣirò jọ fún ìjọba àpapọ̀ ṣe fún 2021, òwò kékeré àti èyí tí kò tóbi púpọ̀ tó nǹkan bí 39.6 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: níbo ni àkọsílẹ̀ irú òwò bẹ́ẹ̀ wà báyìí, ta ni ó ń ṣọ́ ọ, kí ni ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí i? Àwọn oníṣòwò tí a ó mẹ́nu bà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹnì kan pàtó. A fi wọ́n ṣe àlàyé ni.

2.0 Ìdí Tí A Fi Ń Pè É Ní Àwọsánmà

Orúkọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bá ń ya àwòrán bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń bá èkejì sọ̀rọ̀, wọn kì í ya gbogbo ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọn a kàn ya àwòrán kùrukùru sí àárín, èyí tí ó túmọ̀ sí pé: "ohun tí ó wà níbí yìí pọ̀, ṣùgbọ́n kò kàn wá báyìí." Láti inú àwòrán yẹn ni orúkọ náà ti jáde. Nítorí náà, àwọsánmà kò sọ ibi tí nǹkan wà. Ohun tí ẹni tí ó ya àwòrán kò fẹ́ ṣàlàyé ni ó dúró fún.

Nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú èdè Yorùbá láìtú u, ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Lójú Yorùbá, òkè ni àwọsánmà wà, ọwọ́ ènìyàn kò sì tó o. Ẹni tí ó gbọ́ pé àkọsílẹ̀ òun wà nínú àwọsánmà lè rò pé olè kò lè dé ibẹ̀, tàbí pé kò sí ẹni tí ó ni ibẹ̀. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Inú ilé ńlá ni àkọsílẹ̀ náà wà, nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a tò sórí ara wọn, tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbé ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí kí ó má baà gbóná jù. Ilé náà ní olówó, ó ní ẹ̀ṣọ́, ó sì ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ dè é.

Ní ojú tiwa, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó bá a mu ju àwọsánmà lọ: àká. Àgbẹ̀ mọ àká. Ó mọ̀ pé ibi ìkópamọ́ ni, pé ó ní ilẹ̀kùn, pé eku lè wọ̀ ọ́, àti pé ẹni tí ó bá kó iṣu rẹ̀ sínú àká ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bá onítọ̀hún ṣàdéhùn. Nítorí náà, àká àjùmọ̀lò ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí.

Yíyá ni ọkàn ètò yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Amazon ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè ìkópamọ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ háyà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè sanwó. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ìṣirò kọ̀ǹpútà náà háyà. Google, Microsoft àti àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Oríṣi mẹ́ta ni ohun tí wọ́n ń fi háyà, a sì lè fi oúnjẹ ṣàlàyé wọn. Àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí ó háyà ilé ìdáná lásán: tirẹ̀ ni ìkòkò, tirẹ̀ ni ata. Èkejì dà bí ẹni tí ó háyà ilé ìdáná tí ìkòkò àti iná ti wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó wọ ilé olóúnjẹ tí ó sì jẹun lórí tábìlì. Ẹ̀kẹta yìí ni ti oníṣòwò kékeré. Lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìwé ìṣirò tí a ń ṣí lórí fóònù, àti àwọn ètò tí ó ń kọ ọjà tí a tà sílẹ̀, gbogbo wọn ni oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti sè.

3.0 Oníṣòwò Tí Ó Ti Wà Níbẹ̀ Láìmọ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní Arimogija. Bí a bá bi í léèrè bóyá ó ń lo àká àjùmọ̀lò, yóò ní òun kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí WhatsApp ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwọ̀n ara wọn, àwòrán ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n san, àti àdírẹ́sì ilé ránṣẹ́ sí i. Bí fóònù rẹ̀ bá jẹ́ ti Android, tí ó sì gbà nígbà tí WhatsApp bi í bóyá kí ó máa pa ẹ̀dà ọ̀rọ̀ mọ́, inú àká Google ni ẹ̀dà náà ń lọ. Bákan náà ni orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù náà.

Láti ìparí 2021 ni WhatsApp ti fún ènìyàn láǹfààní láti sọ ẹ̀dà yìí di àdììtú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó lè tú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ tàn án. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní àká, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti ilẹ̀kùn rẹ̀? Ibí yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn pé àìmọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́, kí a tó dé ọ̀dọ̀ olè.

4.0 Àǹfààní Tí Ó Wà Níbẹ̀

A kò kọ iṣẹ́ yìí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àǹfààní àká àjùmọ̀lò pọ̀ fún ẹni tí òwò rẹ̀ kò tóbi. Ìwé tí a fi ń kọ gbèsè lè jóná, òjò lè pa á, ikán lè jẹ ẹ́. Fóònù lè já sínú kànga. Bí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ bá wà ní ibòmíràn, ọjọ́ tí oníṣòwò bá ra fóònù mìíràn ni gbogbo rẹ̀ yóò padà. Èkejì, kò ní láti ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá tàbí kí ó tan jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán-tòru kí ó tó ní ìṣirò tí ó péye. Google ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní àyè tí ó tó gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, èyí sì pọ̀ ju ohun tí ìwé gbèsè ìsọ̀ kan lè kún lọ. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó wà ní Arimogija àti ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Àkúrẹ́ lè jọ máa wo ìwé kan náà. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá lè fi àkọsílẹ̀ ọdún méjì hàn yóò rí ohun sọ níwájú báǹkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ yá owó.

5.0 Àwọn Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ewu lè gbà wọlé. A ó yẹ mẹ́rin wò.

(a) Ọ̀nà tí ó lọ sí àká lè dí

Bí oníṣòwò ní Arimogija bá tẹ fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò gba ọ̀dọ̀ òpó ilé-iṣẹ́ fóònù lọ sí Èkó. Nígbà mìíràn, Èkó ni àká náà wà, nítorí pé irú àwọn ilé ìkópamọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Amazon náà la ẹ̀ka kékeré kan sí Èkó ní 2023. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ọ̀rọ̀ náà ń gba abẹ́ òkun lọ sí òkè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn okùn abẹ́ òkun wọ̀nyí ni MainOne, tí ó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Portugal dé Èkó, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Ọmọ Ilé-Olújìí ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni Funke Opeke, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2022 ni ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà rà á.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ilé-iṣẹ́ MainOne ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé ilẹ̀ tí ó mì ní ìsàlẹ̀ òkun ni ó ṣeé ṣe kí ó fà á. Íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú ní Nàìjíríà, Gánà, Bìní àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù sì wà lára àwọn tí ó fara gbá. Àwọn tí ó ní ọ̀nà mìíràn, bíi okùn Equiano ti Google tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, ni ó tètè rí ojútùú. Kò sí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó jóná ní ọjọ́ náà. Ọ̀nà ni ó dí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, tí kò sì rí ìwé gbèsè rẹ̀ ṣí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà kan nínú fóònù tàbí nínú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò máa tajà nìṣó.

(b) Àká fúnra rẹ̀ lè jóná

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ilé ìkópamọ́ ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ilé kan jóná pátápátá, apá kan nínú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì jó. Kò sí ẹni tí ó fara pa, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan pàdánù ohun gbogbo. Àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀dà ìpamọ́, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ẹ̀dà náà wà pẹ̀lú ojúlówó. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ẹ̀dà tí ó wà lábẹ́ òrùlé kan náà kì í ṣe ẹ̀dà. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé kí a ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí méjì nínú ohun tí a fi pa wọ́n mọ́ yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan sì jìnnà sí ibi tí a ti ń ṣòwò. Fún oníṣòwò kékeré, èyí kò le: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú ìwé tàbí nínú fílááṣì tí ó wà nílé.

(d) Ogiri tí ó lanu

Ó ṣọ̀wọ́n kí olè lọ wó ilé ìkópamọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yí ká. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń wá. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó ni àká àti ẹni tí ó háyà á dà bí ti onílé àti ayálégbé. Onílé ni ó ń ṣètọ́jú òrùlé àti ògiri. Ayálégbé ni ó ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀. Bí ayálégbé bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, onílé kò jẹ̀bi.

Kọ́kọ́rọ́ náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tí ó fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí 1234 ṣe é ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Bákan náà ni ẹni tí ó lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo nǹkan, nítorí pé bí ọ̀kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ti jò. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹnì kan pe oníṣòwò lórí fóònù, kí ó ní òun ń pè láti báǹkì, kí ó sì ní kí ó ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ̀ fún òun. Nọ́ńbà náà gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó kà á síta ti fa ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Síìmù náà kò gbọ́dọ̀ wà láìní nọ́ńbà àṣírí, nítorí pé ẹni tí ó jí fóònù lè yọ síìmù náà sínú fóònù mìíràn, kí ó sì máa gba gbogbo nọ́ńbà tí a bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Àrùn kọ̀ǹpútà náà wà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún 2017, èyí tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìwé àwọn ènìyàn pa, tí àwọn tí ó rán an sì ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. Ó lé ní 200,000 kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè tí ó mú, ó sì da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft ti ṣe àtúnṣe tí ó lè dènà rẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni tí ó ń sún àtúnṣe fóònù rẹ̀ síwájú nítorí owó dátà gbọ́dọ̀ ronú lórí èyí.

(e) Ikú ilé

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ti ń lo fóònù kan àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ṣì mọ ọ̀nà wọlé. Bákan náà ni ti ilé tí a ti ń tẹ̀wé, níbi tí oníbàárà ti ń ṣí lẹ́tà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà gbogbogbò, tí kò sì ní rántí láti jáde kúrò nínú rẹ̀. Olè kò ṣẹ́ ọwọ́ láti wọ irú àká bẹ́ẹ̀. A fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ni.

6.0 Àkọsílẹ̀ Àgbẹ̀ Kòkó: Ohun Tí Ó Wà Nínú Ewu

Ọ̀rọ̀ tí ó kan Arimogija gbọ̀ngbọ̀n wà nínú kòkó. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni ó ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, ilẹ̀ Yúróòpù sì wà lára ibi tí kòkó náà ń lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, òfin kan wọlé ní àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tí ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó kòkó wọ ibẹ̀ fi hàn pé wọn kò gé igbó kìjikìji láti gbin ín lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di òpin 2026 kí ó tó de àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Láti lè fi ẹ̀rí yìí hàn, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ya ààlà rẹ̀ yí ká.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó ń ra kòkó yóò mú fóònù dé oko, yóò rìn yí i ká, yóò sì kọ orúkọ àgbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ìwọ̀n oko àti iye kòkó tí ó ń tà sílẹ̀. Inú àká àjùmọ̀lò ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá kó àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ ẹni tí ó lówó, ibi tí oko rẹ̀ wà, àti ìgbà tí owó máa ń wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Agbègbè yìí kò yẹ kí ó fi ojú kékeré wo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn pa Ọlúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi. Ìbẹ̀rù ìjínigbé sì ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ṣọ́ra láti dá nìkan lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà ààlà ilẹ̀ kò tán láàárín ẹbí. Àwòrán ààlà oko tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ lè di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí àgbẹ̀ náà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí àgbẹ̀ kọ̀ kí a má ṣe kọ orúkọ òun sílẹ̀, nítorí pé kòkó tí kò ní ẹ̀rí lè ṣòro láti tà. Ohun tí ó yẹ ni kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni ẹ ń kọ? Níbo ni ẹ ń kó o pamọ́ sí? Ta ni yóò rí i? Ǹjẹ́ èmi náà lè gba ẹ̀dà tèmi?

7.0 Ohun Tí Òfin Sọ

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹlòmíràn sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, àjọ NITDA gbé ìlànà jáde lórí àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tí ó dá Àjọ Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ènìyàn ti Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NDPC.

Kókó òfin náà kò ṣòro. Àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan. Ẹ̀tọ́ ẹni tí a kọ nípa rẹ̀ wà nínú rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ gba ju ohun tí a nílò lọ. A kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí a gbà fún iṣẹ́ kan ṣe òmíràn tí kò bá a tan. A kò gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀ mọ. Ẹni tí a kọ nípa rẹ̀ lè béèrè láti rí i, kí ó sì ní kí a tún ohun tí kò tọ̀nà nínú rẹ̀ ṣe. Bí àkọsílẹ̀ bá jò, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó pa ènìyàn lára, a gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 72. Bí ewu náà bá pọ̀, a gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pẹ̀lú. Ìtanràn fún ẹni tí ó bá rú òfin lè tó mílíọ̀nù méjì náírà, tàbí mílíọ̀nù mẹ́wàá fún àwọn tí àkọsílẹ̀ ọwọ́ wọn pọ̀ tí ó sì ṣe pàtàkì. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún wọn lọ́dún, bí èyí bá ju iye yẹn lọ.

Alájọ tí ó ní orúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú fóònù rẹ̀ lè rò pé àwọn báǹkì ni òfin yìí ń bá wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ fún ìlò ilé ẹni nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Òwò kò sí lára rẹ̀.

8.0 Àbá

Lórí ohun tí a ti sọ, a dá àwọn àbá wọ̀nyí fún oníṣòwò kékeré:

(i) Kí ó mọ gbogbo ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀.
(ii) Kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ gùn, kí ó má sì lo ọ̀kan fún ibi méjì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, tí a so pọ̀, ṣòro fún olè ju orúkọ ọmọ ẹni lọ, kò sì ṣòro láti rántí.
(iii) Kí ó tan ìdánimọ̀ alẹ́sẹ̀-méjì lórí WhatsApp àti lórí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tí yóò máa béèrè ohun kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà.
(iv) Kí ó má ṣe ka nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́.
(v) Kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìwọlé tirẹ̀, kí a sì ti ọ̀nà náà ní ọjọ́ tí ó bá kúrò.
(vi) Kí ó ní ẹ̀dà kan tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó dán ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀ wò bóyá ó ṣeé ṣí, nítorí pé ẹ̀dà tí a kò dán wò rí kò ṣeé gbọ́kàn lé.
(vii) Kí ó pa orúkọ oníbàárà tí kò nílò mọ́ rẹ́.

Fún olùkọ́ àti ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, àbá mẹ́ta ni a ní. Àkọ́kọ́, ó yẹ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Yorùbá, kì í ṣe nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ òwò àti nínú ẹ̀kọ́ èdè pẹ̀lú. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ni ó ń bá ìyá rẹ̀ tẹ fóònù nílé. Ohun tí ó bá gbọ́ ní ilé-ìwé ni yóò dé ìsọ̀. Èkejì, kí àwọn onímọ̀ èdè máa bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkànlò. Bí orúkọ bá ṣi ènìyàn lọ́nà, ìwà rẹ̀ yóò ṣìnà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lórí àwọsánmà. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe é kí ó tó wí i. Èsì ìdánwò àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ olùkọ́, nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ni àwọn wọ̀nyí náà, òfin 2023 sì fún àwọn ọmọdé ní ààbò pàtàkì.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé àká ni ohun tí a ń pè ní àwọsánmà: ó ní ilé, ó ní olówó, ó sì ní ọ̀nà. A ti rí i pé ọ̀nà náà lè dí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2024, àti pé àká fúnra rẹ̀ lè jóná, gẹ́gẹ́ bí ti 2021. A sì ti rí i pé ilẹ̀kùn tí olè ń gbà jù ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹrù. A ti fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó hàn pé kì í ṣe owó oníṣòwò nìkan ni ó wà nínú ewu. Orúkọ, ilẹ̀ àti ẹ̀mí ẹlòmíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ni alájọ ayé àtijọ́ fi ń jẹun. Bí ilà ara ògiri rẹ̀ bá parẹ́, orúkọ rẹ̀ ni ó bàjẹ́ ní ìlú. Fóònù ti gba ipò ògiri lónìí, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé náà ṣì wà bí ó ṣe wà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Oníṣòwò Arimogija tí ó bá ti ilẹ̀kùn àká rẹ̀ lónìí, tí ó sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò lè dojú kọ oníbàárà rẹ̀ lọ́la láìtijú.